Peppa Pig: Ìdílé Ẹlẹ́dẹ̀ Tó Ń Pàfọ̀ Nínú Pálọ̀ Wa

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ibi fọ́tò. Nínú kátúùnù Peppa Pig, Mummy Pig, ìyá Peppa, fẹ́ jáde, ó ní kí ọkọ òun bá òun gbé fọ́tò kan kọ́ sára ògiri kí òun tó dé. Daddy Pig ní kò sí wàhálà níbẹ̀ rárá, pé ọ̀gá lòun nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé òòlù, ó kan ìṣó, ògiri sán. Ó ń tún un ṣe, ó ń bà á jẹ́ sí i, títí ògiri fi dá ihò gbàgà. Bàbá àtàwọn ọmọ méjèèjì bá di bíríkìlà ọ̀sán gangan: wọ́n ń to bíríkì, wọ́n ń rẹ́ ẹ, wọ́n ń kùn ún, gbogbo ara wọn rí wúruwùru. Nígbà tí ìyá fi máa dé, fọ́tò ti wà lára ògiri, ilé ti mọ́ toní. Gbogbo ẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyàwó mi náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi ló ń wò, kò wo tẹlifíṣọ̀n.

Kátúùnù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Peppa Pig, ilé wa ní Ìbàdàn sì ti ń wò ó tàárọ̀ talẹ́ látìgbà tí ọmọbìnrin wa ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ rìmóòtù. Mo ti wò ó débi pé mo lè ka ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sórí, torí náà bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kó tan án fún ọmọ rẹ̀, ó lè bi mí.

Neville Astley àti Mark Baker ló dá a sílẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2004 ló kọ́kọ́ jáde lórí Channel 5 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé gidi ni wọ́n sì ṣe é fún. Peppa fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. George, àbúrò rẹ̀, jẹ́ ọmọ ọdún méjì, kò sì sí ohun tó ń fẹ́ láyé ju dáínósọ̀ rẹ̀ lọ. Gbogbo ará ìlú wọn ni ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, tó ń wa mọ́tò, tó ń lọ síbi iṣẹ́, síbẹ̀ tí ìwà ẹranko kò kúrò lára wọn. Peppa á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á fi imú dún. Suzy Sheep, ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ké bí àgùntàn lẹ́yìn tó bá ti sọ orúkọ rẹ̀ tán. Tí nǹkan bá sì ti dùn mọ́ wọn, wọ́n á ṣubú sẹ́yìn gbì, wọ́n á na ẹsẹ̀ sókè, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọmọ mi wà nílẹ̀ pálọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè.

Kò sí ìkà nínú eré yìí, kò sì sí ọ̀tá. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ju àwọn kátúùnù tí wọ́n ti ń fi òòlù fọ́ra wọn lórí lọ nìyẹn. Gbogbo ibi tí nǹkan bá ti dàrú, ìgbéraga kékeré kan ni tàbí ìkánjú, irú èyí tí gbogbo wa ń ṣe nílé. Daddy Pig ń wa awò ojú rẹ̀ kiri gbogbo ilé, kò mọ̀ pé orí ẹ̀ lòun jókòó sí. Daddy Pig ń din páńkéèkì, ó ní kí wọ́n sún sẹ́yìn kí wọ́n wo bí ọ̀gá ṣe ń sọ páńkéèkì sókè. Ó sọ ọ́, páńkéèkì lẹ̀ mọ́ àjà. Mummy Pig kò bínú, kò wá àkàbà. Ó kó àwọn ọmọ lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń fò lórí àjà náà títí páńkéèkì fi já bọ́ sórí bàbá. Kò sí ẹni tó bú u, kò sì sí ẹni tó sọ pé òun ti wí i tẹ́lẹ̀. Àwa tí wọ́n fi àlọ́ Ìjàpá tọ́ mọ̀ pé tiwa kì í rọrùn bẹ́ẹ̀: ọgbọ́n àrékérekè àti wọ̀bìà ló máa ń kó Ìjàpá sí wàhálà, ìtìjú ló sì máa ń gbà bọ̀. Níbí, ẹni tó ṣàṣìṣe á jẹun alẹ́ pẹ̀lú àwọn tó kù bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ìjàpá wà nínú Peppa Pig o, àmọ́ kò lè sọ̀rọ̀! Tiddles lorúkọ rẹ̀, ẹran ọ̀sìn Dókítà Hamster, onítọ̀hún tó ń tọ́jú ẹranko. Ẹlẹ́dẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ehoro ń sọ̀rọ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń sọ̀rọ̀, ìjàpá tó jẹ́ pé ẹnu ló fi ń jẹun nílẹ̀ wa kò rí nǹkan kan wí. Ohun tí wọ́n fún un ṣe ni pé kó gun igi kó má lè sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi wò ó, ó ní wọ́n ti fi ọmọkùnrin náà ṣẹ̀sín.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló gbé mi dé ibi tí mo ń lọ. Alhaja ni wọ́n. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wa nídìí ẹ̀, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n ní, "Ẹlẹ́dẹ̀ lẹ kó wá sílé ọmọ mùsùlùmí?" Mo ní, "Màámi, àwòrán ni, a kò ní í jẹ ẹ́." Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé àwòrán ni, ṣé ẹran mìíràn ti tán láyé ni? Inú àwọn òbí kan tí mo mọ̀ kò dùn sí i títí dòní lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì bá wọn jiyàn. Màámi ní tiwọn ti ń wò ó báyìí, àmọ́ nítorí Miss Rabbit ni wọ́n ṣe ń wò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí àgbàlagbà fi lè jókòó ti eré ọmọdé, ẹ wo obìnrin yẹn. Ehoro ni. Òun ló ń gbowó ní súpámákẹ́ẹ̀tì, òun ló ń wa bọ́ọ̀sì, òun ló ń ta áísìkiríìmù, òun ló wà ní ilé ìkàwé, òun náà ló ń fi hẹlikọ́pítà yọ àwọn tó bá há síbì kan. Ibikíbi tí ìdílé Peppa bá ti dé, Miss Rabbit ti dé ibẹ̀ ṣáájú, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ mìíràn. Ọmọdé kò rí nǹkan bàbàrà kankan níbẹ̀. Àgbà nìkan ló ń rí i, pàápàá àgbà Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba láàárọ̀, tó ń ta aṣọ lọ́sàn-án, tó ń wa kábúkábú lálẹ́. Màámi ní, "Obìnrin yìí ń gbìyànjú gan-an, ta ni ọkọ ẹ̀?"

Dókítà Brown Bear náà ń pa mí lẹ́rìn-ín, bóyá kì í ṣe bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́. Ọmọ wọn á húkọ́ díẹ̀, wọ́n á pe dókítà lórí fóònù, dókítà á sì dé sílé wọn kíá. Ó ya àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá lẹ́nu: lọ́dún 2017, dókítà kan tó ń jẹ́ Catherine Bell kọ àpilẹ̀kọ ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé àwọn oníṣègùn, BMJ, ó ń béèrè bóyá eré yìí ló ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa retí ohun tí kò ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá ń ráhùn lọ́hùn-ún, kí ni káwa tí a ń tò sí ọsibítù láti aago mẹ́fà ìdájí wí?

Èyí tó dùn jù létí mi ni ti súfèé. Peppa kò mọ súfèé sú. Ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n, bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n, George kékeré náà sì wá sú u gaara. Ó dun Peppa dénú, ló bá pe Suzy Sheep lórí fóònù láti bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n. Suzy ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ara tu Peppa díẹ̀. Suzy wá béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an, Peppa ṣàlàyé fún un, Suzy pa ètè pọ̀, súfèé jáde fííì! Peppa kò sọ ohunkóhun. Ó kàn gbé fóònù sílẹ̀ ni. Ẹ wo ojú rẹ̀ níbẹ̀ yẹn: kò mi, kò bojú jẹ́, ẹyin ojú méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà bí wọ́n ṣe máa ń yà wọ́n, àmọ́ gbogbo ohun tí ìlara jẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ọwọ́ tí wọ́n fi yà á rọrùn débi pé ọmọ tó lè di kíréyọ̀nù mú lè gbìyànjú ẹ̀. Ògiri pálọ̀ wa jẹ́rìí sí i.

Àmọ́ ẹnu Peppa kò dára. Mo fẹ́ kí gbogbo òbí tó bá ń ka èyí gbọ́ ọ dáadáa. Ó ń pe bàbá rẹ̀ ní aláìgbọ́n níṣojú rẹ̀, ó ń fi ikùn bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu, bàbá náà á sì rẹ́rìn-ín, á máa bá tirẹ̀ lọ. Bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn. Níbí, ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa lọ́jọ́ kan, ọmọ mi kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó dìde, ó yíjú sí mi, ó ní, "Dádì, ikùn yín ti tóbi jù," ó sì fi imú dún bí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. Màámi kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní, "Ẹlẹ́dẹ̀ pàfọ̀ tán, ó ń wá ẹni rere tí yóò fara yí." Mi ò pa tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń jókòó tì í, bí Peppa bá sọ irú ẹ̀, màá bi ọmọ mi pé ṣé ìwọ lè sọ bẹ́ẹ̀ fún Màámi? Á wo apá ibi tí Màámi jókòó sí, á mi orí.

Ọ̀rọ̀ pàfọ̀ náà kò mọ sórí òwe. Ohun tí Peppa fẹ́ràn jù ni kó máa fò nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn òjò, ó kàn gbọ́dọ̀ wọ bàtà òjò ni. Omi òjò tiwọn mọ́, koríko tútù ló yí i ká. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà bíi tiwa mọ ohun tó wà nínú omi tiwa. Ẹ tètè ṣòfin kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ni eré náà máa ń gbọ́ àròyé, mo gbóríyìn fún wọn níbẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ìdílé náà kì í de bẹ́líìtì nínú mọ́tò. Àwọn òbí pariwo, wọ́n padà lọ ya bẹ́líìtì sí i. Lọ́dún 2012 ní Ọsirélíà, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC yọ ọ̀kan kúrò lórí afẹ́fẹ́, torí pé wọ́n ń sọ fún ọmọdé nínú rẹ̀ pé aláǹtakùn kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan. Aláǹtakùn ti Ọsirélíà, ẹ kò ní í fẹ́ fi ọwọ́ kàn án.

Èwo ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú? Ẹ wá àwọn ti àtijọ́. Lójú tèmi, àwọn yẹn ló ní sùúrù jù, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ jinná. Harley Bird ló ń fi ohùn Peppa sọ̀rọ̀ láti 2007 títí di 2020, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ BAFTA lé e lórí lọ́dún 2011. Amelie Bea Smith ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn tuntun náà dára, etí mi ni kò tíì mọ́ ọn. Hasbro, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ló ni gbogbo ẹ̀ báyìí, àwọn ló ra ilé iṣẹ́ tó ni ín lọ́dún 2019, ẹ sì ń rí ojú ẹlẹ́dẹ̀ náà lára báàgì ilé ìwé, kọ́ọ̀bù àti pátá ọmọdé ní gbogbo ọjà. Lọ́dún 2025 Mummy Pig bí ọmọ kẹta, Evie. Ọmọ mi ti ń béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ìgbà tí tiwa náà máa dé.

Ti dátà: nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gùn, ẹ lè fi Wáìfáì ibi iṣẹ́ gbà á sórí fóònù, kí wọ́n máa wò ó bí wọ́n bá mú iná lọ. Kò sí kátúùnù tó tún rọrùn fún ilé wa tó bẹ́ẹ̀, torí mo lè sọ pé "ẹyọ kan péré, ká lọ wẹ̀," kí n sì rí i kó parí lóòótọ́. Àmọ́ ẹ má fi fóònù sílẹ̀ fún ọmọ lórí YouTube kí ẹ wá lọ sílé ìdáná. Lọ́dún 2017 ni ìròyìn gbòde nípa ayédèrú fídíò tó gbé àwòrán Peppa wọ̀, tí nǹkan ẹ̀rù kún inú ẹ̀, ọ̀kan wà tó jẹ́ ti oníṣègùn eyín tó ń hùwà ìkà. Ojúlówó ìkànnì wọn nìkan ni kẹ́ ẹ máa ṣí.

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Ẹnu Peppa ló gba máàkì kan lọ. Orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló gba èkejì, torí ó ti wọ orí mi, kò sì fẹ́ jáde.