Exchange, áàpù orí fóònù àbí hardware wallet: èwo ló mọ orúkọ yín jù?

Ẹni tó bá fẹ́ ra kírípítò báyìí, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé èwo ni owó iṣẹ́ ẹ̀ kéré jù, èwo ló yá, èwo ló ní kọ́ìnì rẹpẹtẹ. Kò burú, àmọ́ mi ò ní sọ ìyẹn níbí, ibi tẹ́ ẹ ti máa kà á pọ̀. Òṣùwọ̀n tí èmi fẹ́ fi wọ̀n wọ́n ni ohun tí mi ò bèèrè nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tó sì padà jẹ mí lówó: ta ló mọ̀ pé èmi ni mo ni kọ́ìnì yìí, ibo ni wọ́n kọ orúkọ mi sí, ta ni wọ́n sì fún láyè láti máa ṣí ibẹ̀ wò.

Mẹ́ta ni mo ti lò dáadáa: exchange ńlá (ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ra kọ́ìnì tí wọ́n ti ń tà á) tó ń gba KYC, ìyẹn ìwé ìdánimọ̀ kọ́sítómà, áàpù wọ́lẹ́ẹ̀tì orí fóònù, àti hardware wallet, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ tó dà bíi fláàṣì yẹn, tí kọ́kọ́rọ́ kọ́ìnì yín ń gbé inú ẹ̀. P2P náà wà, ìyẹn kéèyàn ra kọ́ìnì lọ́wọ́ èèyàn bíi tiẹ̀, màá kàn fẹnu bà á.

Exchange

Ibí ni ojú mi ti rí màbo, torí náà ẹ fara dà á tọ́rọ̀ ẹ̀ bá gùn. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí mo forúkọ sílẹ̀, wọ́n gba káàdì ìdánimọ̀ mi níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n ní kí n ya fọ́tò ara mi kí káàdì ọ̀hún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, wọ́n tún gba bíìlì iná tí àdírẹ́sì ilé mi wà lórí ẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí mo ń lé ni kí n tètè ra kọ́ìnì kó tó wọ́n sí i.

Ó tó ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹnì kan pè mí nírọ̀lẹ́. Ohùn ẹ̀ tutù, mo ń gbọ́ ohùn àwọn míì tí wọ́n ń dá fóònù lóhùn lẹ́yìn ẹ̀, bí ọ́fíìsì gidi. Ó pe orúkọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orúkọ àárín mi yẹn, mi ò lò ó níbì kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí, ara káàdì ìdánimọ̀ nìkan ló wà. Ó sọ iye kọ́ìnì tó wà nínú àkáǹtì mi, ó sọ ọjọ́ tí mo rà gbẹ̀yìn. Ó ní ẹnì kan ti fẹ́ máa kó o lọ, pé kí n tètè gbé e sínú "wọ́lẹ́ẹ̀tì ààbò" tí àwọn ti ṣí fún mi. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni ò ní gbà? Mo gbé ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìgbà tó ní kí n gbé ìyókù, ló wá fi kún un pé kí n má pe kọ́sítómà kíà o, pé ẹni inú ilé ló wà nídìí ẹ̀. Ibẹ̀ lara ti fu mí, mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Àmọ́ èyí tó ti lọ ti lọ, kírípítò ò ní ẹ̀yìn tí wọ́n ń fà á padà sí.

Ọkùnrin yẹn ò já páásíwọọ̀dù mi o. Kò já nǹkan kan. Fáìlì mi ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, fáìlì tí èmi fúnra mi fọwọ́ ara mi fi ránṣẹ́.

Inú bí mi, mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n pa gbogbo dátà mi rẹ́. Ẹ mọ èsì tí wọ́n fọ̀? Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tún káàdì ìdánimọ̀ mi fi ránṣẹ́, kó lè dá wọn lójú pé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Mo tún fi ránṣẹ́! (Ẹ má bú mi, orí mi ò pé lọ́sẹ̀ yẹn.) Ọjọ́ 19 lẹ́yìn náà ni wọ́n tó dáhùn pé àwọn ti ti àkáǹtì pa, àmọ́ òfin ò gba àwọn láyè láti pa ìwé ìdánimọ̀ rẹ́. Wọn ò sì parọ́ níbẹ̀ yẹn. Ìlànà FATF, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti gbígbé owó àìmọ́ kiri, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé ní kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ kọ́sítómà fún ó kéré tán ọdún 5 lẹ́yìn tí àjọṣe bá ti parí. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ "pa àkáǹtì rẹ́" sí yẹn, àkáǹtì ló ń pa, kì í ṣe fáìlì. Èmi ò mọ̀ kí n tó wọlé, ẹ̀yin ti mọ̀ báyìí.

Mo kọ́kọ́ rò pé orí mi ló burú, àfi ìgbà tí Coinbase, exchange ńlá kan ní Amẹ́ríkà, jáde lóṣù karùn-ún ọdún 2025 tí wọ́n sọ pé àwọn oníjìbìtì ti fún àwọn òṣìṣẹ́ kọ́sítómà kíà wọn kan lókè òkun ní rìbá, tí àwọn yẹn sì kó fáìlì àwọn kọ́sítómà fún wọn. Èèyàn 69,461 ló kàn. Orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, fọ́tò káàdì ìdánimọ̀, iye tó wà nínú àkáǹtì, ohun tí wọ́n rà àti ohun tí wọ́n tà. Wọn ò mú páásíwọọ̀dù kankan o, wọn ò nílò ẹ̀. Nígbà tí mo kà á, ara mi bù máṣọ, torí ohun tí ẹni tó pè mí mọ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn oníjìbìtì yẹn bèèrè 20 mílíọ̀nù dọ́là kí wọ́n tó dákẹ́, Coinbase kọ̀, wọ́n ní àwọn á kúkú fi iye kan náà ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó bá jẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ní àwọn á san owó padà fún kọ́sítómà tí wọ́n bá tàn. Mo kí wọn fún ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tèmi, "a bá yín kẹ́dùn" ni wọ́n kọ.

Kí ilé-iṣẹ́ tiẹ̀ wá kú ńkọ́? FTX, exchange ńlá kan, wó ní oṣù kọkànlá 2022, dátà àwọn tó ń bèèrè owó wọn bọ́ sọ́wọ́ Kroll tó ń bójú tó ìwé wọn, ní oṣù kẹjọ 2023 àwọn olè gba nọ́ńbà fóònù òṣìṣẹ́ Kroll kan sórí síìmù tiwọn, ni wọ́n bá rọ́nà dé ibi tí dátà àwọn èèyàn FTX àti ti BlockFi àti Genesis, ilé-iṣẹ́ kírípítò méjì míì tó wó, wà. Ti Celsius, ilé-iṣẹ́ kírípítò míì tó wó, tún yàtọ̀, olè ò tiẹ̀ dé ibẹ̀ rárá: ìwé tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù ní oṣù kẹwàá 2022, orúkọ àwọn kọ́sítómà àti owó tí wọ́n gbé wọlé gbé jáde wà níbẹ̀, ó ju ojú ewé 14,000 lọ, ẹni tó bá wù lè kà á. Owó ò tíì dé ọwọ́ wọn nígbà yẹn, orúkọ wọn ti dé gbogbo ayé.

Ohun tó jẹ́ kó burú ju ti báńkì lọ sì nìyí. Tí dátà báńkì bá jò, ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nìkan ni wọ́n rí. Ìwé àkọsílẹ̀ Bitcoin, gbangba ló wà láti 2009, gbogbo ẹni tó bá wù ló lè wò ó, orúkọ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá ti mọ̀ pé àdírẹ́sì wọ́lẹ́ẹ̀tì báyìí (ìyẹn ibi tí wọ́n ń fi kọ́ìnì ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ti ilé), tèmi ni, ó lè jókòó tì í kó máa wò mí títí, láì tún jí nǹkan kan mọ́.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ lo exchange (ó sì lè pọn dandan, ibẹ̀ ló rọrùn jù láti ti owó báńkì bọ́ sí kọ́ìnì), ẹ wá ohun méjì yìí nínú sẹ́tìǹgì kẹ́ ẹ tó fowó sí i. Àkọ́kọ́, èyí tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ to àwọn àdírẹ́sì wọ́lẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fọwọ́ sí sílẹ̀, tí àdírẹ́sì tuntun á ní láti dúró ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó ṣiṣẹ́. Ká ní mo ti tan ìyẹn ni, ariwo lásán ni ìpè yẹn ì bá jẹ́. Ìkejì, ọ̀rọ̀ àṣírí tẹ́ ẹ máa yàn fúnra yín tó máa ń hàn nínú gbogbo ímeèlì tó bá tọ̀dọ̀ wọn wá, èyí tí kò bá ti sí níbẹ̀, ẹ dà á nù. Exchange tí kò bá ní méjèèjì, mi ò mọ ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀.

Áàpù orí fóònù

Kò sẹ́ni tó máa gba káàdì yín níbí, ẹ kàn máa gbé áàpù ọ̀hún sórí fóònù, ó fún yín ní ọ̀rọ̀ 12 tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ owó yín, ó tán. Àmọ́ pé kò bèèrè orúkọ ò ní kó má mọ nǹkan kan. Ní oṣù kọkànlá 2022, Consensys tó ni MetaMask, ọ̀kan nínú àwọn áàpù wọ́lẹ́ẹ̀tì yìí, tún ìlànà ìpamọ́ wọn kọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí i pé téèyàn bá ń fi Infura tó wà nínú ẹ̀ (ọ̀nà tí áàpù ń gbà kàn sí ìwé àkọsílẹ̀ kírípítò) fi kọ́ìnì ránṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ń gba nọ́ńbà IP (nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì fóònù ẹni) àti àdírẹ́sì wọ́lẹ́ẹ̀tì pọ̀. Ariwo sọ gan-an. Ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀ nínú sẹ́tìǹgì, àmọ́ mélòó nínú wa ló ń débẹ̀? Ìyẹn ò tiẹ̀ tó ti fóònù fúnra ẹ̀: ẹnì kan tí mo mọ̀ ya fọ́tò ọ̀rọ̀ 12 ẹ̀, fọ́tò yẹn gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ síbi tí gbogbo fọ́tò ẹ̀ ń lọ láì sọ fún un. Owó kékeré, ó dáa. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

P2P

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa rí orúkọ yín lójú ọjà kan, àmọ́ ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí ni, ẹ sì ti fi báńkì sanwó fún un. Ogún ọjà, ogún èèyàn.

Hardware wallet

Òun ni mò ń lò báyìí, torí náà mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò ní àbùkù. Ẹjọ́ Ledger, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é, lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ téèyàn bá ti dárúkọ ẹ̀: ní 2020 wọ́n jí dátà ilé ìtajà wọn, ímeèlì bíi mílíọ̀nù kan, nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá ọdún yẹn, orúkọ, àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fóònù nǹkan bí 272,000 kọ́sítómà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2021 àwọn kan rí páálí gbà nílé, hardware wallet ayédèrú ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà pé kí wọ́n fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Trezor, ilé-iṣẹ́ míì tó ń ṣe é, náà ò mórí bọ́, ní oṣù kìíní 2024 ẹnì kan wọ ibi tí kọ́sítómà kíà wọn ti ń dáhùn, ó kan bí 66,000 èèyàn tó ti bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má sì rò pé àdírẹ́sì ilé ò jẹ́ nǹkan kan, ọjà yìí ti lé àwọn ajínigbé dé ẹnu ọ̀nà àwọn kan.

Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Nínú méjèèjì, ilé ìtajà tàbí kọ́sítómà kíà ló jò, kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú ẹ̀rọ ò kúrò lójú kan. Ilé ìtajà ò mọ iye tẹ́ ẹ ní. Kò ní fọ́tò ojú yín, kò ní káàdì yín, ohun tó nílò ò ju ibi tó máa fi páálí ránṣẹ́ sí lọ. Èyí tó sì dùn mọ́ mi nínú jù ni pé ohun tí mo máa kọ síbẹ̀, ọwọ́ mi ló wà. Nígbà tí mò ń ra tèmi, mo ṣí ímeèlì tuntun fún un, mo ní kí wọ́n gbé e sí ibi tí èèyàn ti ń lọ gba ẹrù kì í ṣe ilé, mi ò kọ nọ́ńbà fóònù tí mò ń lò. Tí ilé ìtajà yẹn bá jò lọ́la, ímeèlì kan tí mi ò fi ṣe nǹkan míì ni wọ́n máa rí. Ẹ gbìyànjú irú ẹ̀ wò ní exchange, kẹ́ ẹ rí i bóyá wọ́n á ṣí àkáǹtì fún yín.

Àléébù ẹ̀ kan ṣì wà o: áàpù tó ń bá a ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà máa ń bèèrè iye tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ sáfà (kọ̀ǹpútà) ilé-iṣẹ́, nípa bẹ́ẹ̀ wọ́n lè mọ gbogbo àdírẹ́sì yín, àfi tẹ́ ẹ bá ní sáfà tiyín. Exchange tẹ́ ẹ bá sì ti gbé kọ́ìnì jáde mọ ibi tó lọ. Ó ń bí mi nínú díẹ̀, àmọ́ kò tíì mú kí n pàdánù oorun. Ìyẹn àti pé ọ̀rọ̀ 24 (kọ́kọ́rọ́ ni, bíi ọ̀rọ̀ 12 ti áàpù) tó bá ti wà nínú páálí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún yín, olè ni, ẹ má lò ó.

Kí lẹ máa wá mú

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ẹni tó ń rà tó ń tà lójoojúmọ́, exchange ló bá a mu, kó tan ohun méjì tí mo sọ yẹn, kó sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá pè é lórí fóònù, irọ́ ló ń pa, kódà tó bá mọ orúkọ ìyá ẹ̀ àgbà. Ẹni tí ohun tó ní ò ju owó ìnáwó lọ, áàpù ti tó o. Àmọ́ owó tẹ́ ẹ mọ̀ pé tó bá lọ ẹ ò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé, ẹ rà á ní exchange, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ jẹ́ kó sùn sínú hardware wallet. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni kẹ́ ẹ ti rà á, ẹ má ra àlòkù. Tẹ́ ẹ bá sì ti yọ ọ́ tán, ẹ ya ìwé tí wọ́n kọ orúkọ yín sí kúrò lára páálí kẹ́ ẹ tó jù ú síta, tèmi wà níta fún ọjọ́ méjì kí n tó rántí.