Random Access Memories lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, àti ọ̀rọ̀ "kọ́, kọ́" tó lé oorun lójú mi

Ẹ jẹ́ n sọ ti rẹ́kọ́ọ̀dù Daft Punk, àwọn ọkùnrin méjì ará Faransé táyé mọ̀ mọ́ orin ẹ̀rọ, tí mo rà yìí, torí inú bí mi débi pé mi ò rí oorun sùn dáadáa fún ọjọ́ méjì. Pé 2013 ló jáde, pé ó gba Grammy ọdún tó tẹ̀ lé e, gbogbo ayé ló mọ̀yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, ó dé, páálí ò ní àbùkù, mo gbé e sórí ẹ̀rọ. Orin kẹta lójú àkọ́kọ́ ni ibi tí bàbá Giorgio Moroder, àgbà olórin dísíkò, ti ń fẹnu ara ẹ̀ sọ ìtàn ayé ẹ̀. Máìkì mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀, ti ayé àtijọ́ títí dé ti òde òní, kí ohùn ẹ̀ lè bá ìgbà tó ń sọ mu. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí ni mo ń gbọ́ kọ́... kọ́... kọ́.

Mo kọ̀wé sáwọn tó tà á. Ẹni àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn ò tiẹ̀ kí mi, ó ní "Ara orin ni ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, bàbá yẹn fúnra ẹ̀ mẹ́nu bà á," ló bá ti ọ̀rọ̀ pa. Ẹ gbọ́ o, òótọ́ ni pé bàbá náà sọ̀rọ̀ nípa click, ìró kọ́, kọ́ tó ń ka ìlù, tí wọ́n fi sórí téèpù kí Moog, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe orin, lè máa bá a rìn, òótọ́ ni pé a sì gbọ́ ọ nínú orin lẹ́yìn tó sọ ọ́, àmọ́ tèmi ti ń dún kó tó dárúkọ ẹ̀ rárá! Mo tún kọ̀wé, mo fi fídíò kún un.

Lọ́jọ́ kejì ẹlòmíì gba ọ̀rọ̀ náà, obìnrin ni. "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó." Ó ní kí n tẹ aago fóònù mi lórí kọ́ kan, kí n wá ka mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e. Ó ní irú rẹ́kọ́ọ̀dù yìí, ìṣẹ́jú àáyá 1.8 ló fi ń yí ẹ̀ẹ̀kan, tójú ẹ̀ bá ti ha, ẹ̀ẹ̀kan ló máa dún ní yíyí kọ̀ọ̀kan, tó bá sì jẹ́ ara orin, á bá ìlù mu. Mo kà á. Ìṣẹ́jú àáyá 18 géérégé, ẹ̀ẹ̀kan ní yíyí kọ̀ọ̀kan. "Ó ti ha sà. A máa fi òmíì ránṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ dá ìyẹn padà." Inú mi rọ̀ pẹ̀sẹ̀.

Òmíì dé. Hẹn! Ohùn bàbá yẹn mọ́ lóló, ìgbà tó dárúkọ click ni click dún, kò ṣáájú, kò sì pẹ́. Nígbà tí Omar Hakim wá da ìlù bolẹ̀ lápá ìparí, mo ń gbọ́ bí igi ṣe ń kan awọ, ọwọ́ èèyàn ni, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, mo sì dìde dúró láì mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn lára àwo yìí nìyẹn, àwọn tá a fi ẹ̀rọ mọ̀ ló lọ kó àwọn onílù àtonígìtá jọ, dísíkò, fọ́ńkì, rọ́ọ̀kì, gbogbo ẹ̀ wọnú ara wọn. Gìtá Nile Rodgers lábẹ́ ohùn Pharrell, ta ló fẹ́ jókòó? Ọ̀rọ̀ Julian Casablancas ló ń dùn mí, ẹ pe èèyàn wá kọrin, ẹ wá fi ẹ̀rọ bo ohùn ẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ló dé? Orin Paul Williams náà gùn, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mo sì ti fẹ́ gbé abẹ́rẹ́ kúrò kí àwọn akọrin tó gbè é, omi bọ́ lójú mi, mi ò purọ́. Orin 13 lórí àwo méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa dìde láti yí ojú ẹ̀ padà tàbí pààrọ̀ àwo.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn ló jẹ méjì tó kù.