Àkáǹtì Rẹpẹtẹ Nítorí Ẹ̀bùn Kéékèèké: Ohun Tí Mo Rí Nídìí Ẹ̀ Lọ́jà Gbági

Tó bá jẹ́ torí owó ẹ̀bùn táwọn áàpù báńkì orí fóònù ń fúnni nìkan lẹ ṣe fẹ́ máa ṣí àkáǹtì lé àkáǹtì, ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín. Owó náà wà lóòótọ́, wọ́n á sì san án. Ṣùgbọ́n ó kéré, àwọn owó tí wọ́n ń yọ lọ́nà ibòmíì sì lè gbé e mì kẹ́ ẹ tó fura. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọlọ́jà bíi tèmi, tí oníbàárà ń fi fóònù sanwó fún látàárọ̀ dalẹ́, àkáǹtì kan ṣoṣo ò lè tó yín. Ọ̀tọ̀ ni ti ẹ̀bùn, ọ̀tọ̀ ni ti kí ọ̀nà má dí mọ́ èèyàn, àwọn tó ń polówó àwọn áàpù yìí sì máa ń pa méjèèjì pọ̀.

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági Tuntun, lọ́nà Ifẹ̀, n'Ìbàdàn. Àńkárá àti léèsì ló pọ̀ jù. Mo ní àkáǹtì ní báńkì ńlá kan tí mo ti ń lò tipẹ́, ibẹ̀ lowó ọjà mi ń sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní àwọn áàpù yìí: Kuda, OPay àti PalmPay, mo sì ní Moniepoint tí ẹ̀rọ POS ṣọ́ọ̀bù wà lórí ẹ̀. Gbogbo wọn ni mò ń lò, ohun tí mo bá sọ níbí, mo fojú ara mi rí i ni.

Ṣíṣí wọn ò le rárá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pọ̀ lórí fóònù èèyàn. Látìgbà tí Báńkì Àpapọ̀, CBN, ti gbé BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí gbogbo báńkì fi ń mọ èèyàn, jáde lọ́dún 2014, nọ́ńbà kan náà tó ní òǹkà 11 lẹ máa gbé lọ síbi gbogbo. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sí i, ẹ ó fi NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, kún un, ẹ ó gbójú sí kámẹ́rà, ẹ ó yíjú sọ́tùn-ún, ẹ ó ṣẹ́jú, ó parí. Kò sí pé à ń tò ní báńkì, kò sí pé à ń wá ẹni tó máa dúró fún wa. Ohun tí wọn kì í tètè sọ ni pé àkáǹtì ìpele àkọ́kọ́ ní ààlà: owó inú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ₦300,000 lọ, ₦50,000 péré lẹ sì lè ná lóòjọ́. Ọlọ́jà tó bá tà dáadáa lọ́jọ́ kan ti kan ògiri nìyẹn. Ìpele kẹta, níbi tí wọ́n ti máa ń béèrè ẹ̀rí ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé, ló lè gbà wá.

Nínú gbogbo ẹ̀bùn wọn, èyí tó dájú jù ni cashback, owó díẹ̀ tí wọ́n ń dá padà tẹ́ ẹ bá ra káàdì ìpè tàbí dátà. Ká ní 2% ni, ₦20 nìyẹn lórí ₦1,000. Kò burú. Káàdì tẹ́ ẹ máa rà ni, bẹ́ ẹ bá rà á lójú títì ẹ ò ní rí kọ́bọ̀ gbà padà. Àwọn tó kù ló yẹ kí èèyàn yẹ̀ wò dáadáa. Wọ́n á gbé e wá pẹ̀lú àwọ̀ mèremère pé ẹ ti jẹ ₦500. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí i pé wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́: ₦10 yìí, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá ra káàdì tó tó ₦500, ₦40 yìí, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá ra dátà ₦2,000, èyí tó tóbi jù, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá yáwó lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ẹ̀ ló ní ọjọ́ tó máa kú, kò sì jìnnà. Iye tí wọ́n ń fúnni máa ń pọ̀ lóṣù àkọ́kọ́, tó bá ti mọ́ èèyàn lára tán, ó máa ń fà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti ẹ̀bùn kí èèyàn máa pe mọ̀lẹ́bí àti ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Ẹni tí mo bá pè síbì kan, èmi ló máa wá bá lọ́jọ́ tí owó ẹ̀ bá há.

Èlé orí owó tó wà nílẹ̀ ló ní láárí díẹ̀. Báńkì ńlá tí mò ń lò, tí mo bá ti yọ owó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù nínú àkáǹtì ìfowópamọ́, èlé oṣù yẹn ti lọ. Ọlọ́jà wo ni ò ní yọ owó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù? Ojoojúmọ́ làwọn áàpù kan ń san tiwọn. Ká ní 15% lọ́dún ni lórí ₦100,000, ₦15,000 nìyẹn lọ́dún, nǹkan bíi ₦41 lóòjọ́. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lowó náà ti wọlé, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, ẹ gba èlé yín.

Àmọ́ kẹ́ ẹ máa gbé owó káàkiri torí ẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Nínú ìlànà tí CBN gbé jáde lọ́dún 2020, báńkì lè gba ₦10 lórí owó tí kò ju ₦5,000 lọ tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ sí báńkì míì, ₦25 lórí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ₦50,000, àti ₦50 lórí èyí tó bá tún ju ìyẹn. VAT 7.5% á gun orí ẹ̀. Ẹ tún fi ₦50 ti ìjọba kún un tí owó bá ti tó ₦10,000. Lọ́wọ́ ẹni tówó wọlé fún ni wọ́n ti ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ní oṣù Kejìlá 2024 làwọn áàpù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ tiwọn, àtìgbà tí 2026 sì ti wọlé, ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ ló ń san án. Tí mo bá wá gbé ₦20,000 láti báńkì lọ sórí áàpù kan kí n lè ra káàdì ₦1,000 tó ní cashback ₦20, báńkì ti mú ₦26.88, ìjọba ti mú ₦50. ₦76.88 ti lọ nítorí ₦20. Tó bá sì jẹ́ torí èlé 15% yẹn ni mo ṣe gbé e, ₦20,000 náà gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ kó tó dá ohun tó ná mi padà, ká má tíì sọ pé mo fẹ́ gbé e padà wálé. Kuda fi ìgbà 25 tí èèyàn lè fowó ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù ṣe orúkọ, ìyẹn sì ṣe mí lóore ju cashback èyíkéyìí lọ, torí àwọn tí mò ń kó aṣọ lọ́wọ́ wọn l'Ékòó kì í gbowó lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má gbàgbé káàdì ATM pẹ̀lú. Àkáǹtì tẹ́ ẹ bá gba káàdì lé lórí, wọ́n ń yọ owó ìtọ́jú ẹ̀, SMS kan tí báńkì bá fi jíṣẹ́ ti di ₦6 láti oṣù Karùn-ún 2025, ₦100 lórí ₦20,000 sì ni tẹ́ ẹ bá fi káàdì báńkì kan yọ owó lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì míì. Káàdì márùn-ún nínú pọ́ọ̀sì ò bójú mu.

Ojú káńtà ni mo ti rí àǹfààní àkáǹtì púpọ̀. Tó bá ti di ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, tí àwọn tó ń ra aṣọ ẹbí bá ti kún ṣọ́ọ̀bù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Màmá kan ra léèsì ₦38,000 lọ́wọ́ mi nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Owó kúrò lọ́wọ́ wọn, kò dé ọwọ́ mi. Wọ́n na fóònù sí mi, wọ́n ní, “Ìyá aláṣọ, ó mà ti lọ o, ẹ wò ó.” Mo ní, “Mo rí i mà, ẹ dákun, ẹ fún mi láyè díẹ̀, kò tíì wọlé síbí ni.” Àwọn mẹ́ta dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n ti di aṣọ wọn tán. Tó bá jẹ́ àkáǹtì tí kò lọ yẹn nìkan ni mo ní, àwọn mẹ́ta yẹn ì bá gbọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kejì lọ. Mo nawọ́ sí nọ́ńbà míì tó wà lára ògiri, owó tiwọn wọlé lójú ẹsẹ̀. Ti Màmá, ọjọ́ kejì ló tó dé. Iye tí mo tà fún àwọn mẹ́ta yẹn ju cashback ọdún kan lọ.

Ẹ ṣọ́ra nípa nọ́ńbà náà o. Àkáǹtì OPay àti ti PalmPay, nọ́ńbà fóònù yín náà ni, òdo iwájú ni wọ́n yọ kúrò. Tẹ́ ẹ bá fi nọ́ńbà fóònù kan ṣí méjèèjì, nọ́ńbà àkáǹtì kan náà lẹ máa ní níbi méjì. Oníbàárà á kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kò ní fetí sí orúkọ báńkì. Á mú èyí tó bá wù ú, orúkọ yín á jáde, á ní ó pé, á san án. Ẹ̀yin á dojú kọ áàpù kan, owó ti wà nínú ìkejì. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló máa ń tètè rí i, á ní, “Àǹtí, ẹ wo ti ẹ̀gbẹ́ kejì.” Nọ́ńbà fóònù ọ̀tọ̀ ni mo fi ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì kọ orúkọ áàpù tóbi ju nọ́ńbà lọ lára ògiri.

Ẹni tó bá tajà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ò ní bá mi jiyàn. Nígbà tí ìjọba pààrọ̀ owó náírà, tí owó tuntun ò sí nílẹ̀, tí gbogbo èèyàn ya bo áàpù àwọn báńkì ńlá, áàpù wọn ò ṣí. Àsìkò yẹn ni OPay àti PalmPay di ti gbogbo ọjà. Àwọn tí wọn ò ní ju báńkì kan lọ jókòó ti aṣọ wọn. Ẹ má sì rò pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀ lẹ máa ṣí i. Ní ìparí oṣù Kẹrin 2024, CBN ní kí OPay, PalmPay, Kuda àti Moniepoint dáwọ́ dúró ná, kí wọ́n má gba oníbàárà tuntun. Inú oṣù Kẹfà ni wọ́n tó tún ṣí i.

Ìdí kan tún wà tí mi ò fi gbogbo owó síbì kan. Ní June 3, 2024, CBN gba ìwé àṣẹ kúrò lọ́wọ́ Heritage Bank. Oṣù tó ṣáájú ìyẹn ni NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó táwọn èèyàn fi sí báńkì, gbé iye tí wọ́n máa san fún ẹni tí báńkì ẹ̀ bá kú sókè, láti ₦500,000 sí ₦5,000,000 ní báńkì ńlá, àti láti ₦200,000 sí ₦2,000,000 ní báńkì máíkírófáínáǹsì. Ìwé àṣẹ máíkírófáínáǹsì ni Kuda àti Moniepoint ń lò. Bí owó ọjà yín bá ju ₦2,000,000 lọ, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó fi gbogbo ẹ̀ síbì kan torí èlé.

Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé àkáǹtì púpọ̀ máa ń jẹ́ kí èèyàn bọ́ lọ́wọ́ gbèsè. Láti oṣù Kẹjọ 2020 ni CBN ti gbé GSI kalẹ̀: báńkì tẹ́ ẹ jẹ lówó lè fi BVN yín wá owó ẹ̀ dé inú àkáǹtì tẹ́ ẹ ní níbòmíì. Àwọn tó ń pe fóònù pé ẹ̀bùn yín ti dé, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà àṣírí tó wọlé sórí fóònù yín fún àwọn, olè ni wọ́n. Bí àkáǹtì bá ṣe ń pọ̀ lẹ ó ṣe máa rò pé bóyá ọ̀kan nínú wọn ló ń pè lóòótọ́, ọmọ mi obìnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á fún wọn nígbà kan. Àkáǹtì tẹ́ ò bá sì fọwọ́ kàn fún ọdún kan, wọ́n á kà á sí èyí tó ti sùn. Tó bá di ọdún 10, wọ́n á kó owó inú ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ CBN, títí ẹ ó fi wá béèrè ẹ̀. Èyí tẹ́ ò bá lò mọ́, ẹ kó owó inú ẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tì í pa. Kẹ́ ẹ pa áàpù rẹ́ lórí fóònù ò ti àkáǹtì.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. POS Moniepoint àti OPay ló ń gbowó oníbàárà. Lálẹ́, mo máa ń kó owó ọjà lọ sí báńkì ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe wẹ́wẹ́, torí owó tí wọ́n ń yọ. Kuda ni mo fi ń sanwó fún àwọn tó ń fún mi láṣọ. PalmPay, mi ò gba owó oníbàárà sí i mọ́. Dátà ọmọ mi tó wà ní yunifásítì Ifẹ̀ àti owó iná mítà ilé ni mò ń fi í rà, mo sì ń gba cashback wọn. Ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́ oṣù tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, méjì tó o: èyí tí owó oṣù ń wọ̀, àti áàpù kan fún ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ ò bá ṣí.