Mo ra akàn létí odò Patuxent: ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ ti bi mí títí ó ti sú yín: "Ìyá Ìbejì, níbo lẹ ti ń ra akàn tí ẹ fi ń se ilá alásèpọ̀ yẹn?" Ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá yín lóhùn, torí olóúnjẹ kì í fi ibi tó ti ń rajà han gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n òde tí mo ṣe ní Lanham lóṣù tó kọjá ti tú àṣírí. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́, tadùn-tìkorò. Mi ò ní dárúkọ ìsọ̀ náà o, nítorí ẹjọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí mo fẹ́ rò.

Ìsọ̀ onípákó kékeré kan ni, ní Calvert County ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà, létí Patuxent. Láti Upper Marlboro tí mò ń gbé, Route 4 ni ẹ máa gbà kọjá Prince Frederick. Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni òórùn ti máa kí yín káàbọ̀: ẹrẹ̀, omi iyọ̀, ìjẹ ẹja. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ìyá mi sì ta ẹja ní Ọjà Olúwo ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Imú mi mọ akàn tó wà láàyè yàtọ̀ sí èyí tó kú láàárọ̀ tí wọ́n ń fi yìnyín tàn. Ní ìsọ̀ yìí, imú mi ò rí nǹkan kan sọ.

Màmá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ń ta á, òyìnbó, tòun ti ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgbọ̀nwọ́. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo níbí: ẹ yí akàn náà dojú délẹ̀, ìbòrí ikùn akọ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó ìrántí Washington, ti abo sì rí rìbìtì bí òrùlé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ tún wo àwọ̀ ikùn náà. Èyí tí ikùn rẹ̀ funfun báláú ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ igbá ni, omi ló kún inú rẹ̀, owó yín ti wọgbó. Èyí tí ikùn rẹ̀ ti pọ́n bí irin tó dípata ni kí ẹ mú, ẹran wà nínú rẹ̀. Màmá yìí jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi ṣà á. Ìsọ̀ mélòó ló ń gbà bẹ́ẹ̀? Ibi tí mo ti ń rà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá rí ẹ tí o na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀, wọ́n á pariwo lé ẹ lórí.

Ohun kan ṣoṣo tó fi dù mí ni abo tó gbé ẹyin síta sábẹ́ ikùn. Ní Ẹ̀pẹ́, ìyẹn gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí. Nígbà tí mo béèrè, Màmá wò mí bí ìgbà tí mo ní kó bá mi ra ẹrù olè. Òfin Maryland kò gbà kí wọ́n mú un nínú omi wọn. Akọ pàápàá, bí fífẹ̀ igbá rẹ̀ kò bá tó ìnṣì 5, inú omi ló ń padà sí. Láti ọjọ́ 15 oṣù keje, ó di ìnṣì 5 àti ìdámẹ́rin. Lọ́dún 2008, nígbà tí akàn ń tán lọ nínú Chesapeake, omi ńlá tí Patuxent ń ṣàn sí, Maryland àti Virginia fi ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún dín abo tí wọ́n ń kó kù. Mo dákẹ́, mo ra akọ. Dọ́sìn kan àwọn ńlá, 60 dọ́là lóṣù kẹjọ. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n dọ́sìn kan yẹn kún ìkòkò.

Ẹjọ́ náà nìyí. Pátákó ńlá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kọ ọ́ gàdàgbà pé akàn Patuxent ni wọ́n ń tà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; mo wo ara àpótí tí wọ́n fi kó wọn wá, Louisiana ni wọ́n kọ síbẹ̀! Mo wakọ̀ tó wákàtí kan wá sétí odò kí n lè ra ohun tó wọ ọkọ̀ akẹ́rù láti ìpínlẹ̀ mìíràn? Mo bi ọmọkùnrin tó wà nídìí òṣùwọ̀n, ó ní "ti àdúgbò ni, mà." Irọ́ lójúkorojú. Màmá ló gbọ́ wa, ló wá sọ òótọ́: ọ̀sẹ̀ yẹn, odò kò mú akàn jáde tó, méjì nínú apẹ̀rẹ̀ márùn-ún péré ló jẹ́ ti Patuxent. Ó na ti Patuxent sí mi. Inú mi rọ̀. Ṣùgbọ́n pátákó yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ibi tí a ti ń rojọ́ yìí ni mo ti rí fọ́tò kan lára ògiri: bàbá arúgbó kan nínú omi, fìlà koríko lórí, ó wọ ṣòkòtò olókùn èjìká, ó di ọwọ́ àwọn èèyàn mú lọ́tùn-ún lósì. Mo ní, "Pásítọ̀ yín nìyẹn? Ìtẹ̀bọmi ni?" Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́rìn-ín. Ó ní sẹ́nétọ̀ àwọn ni, Bernie Fowler.

Ẹ fi ìdí kalẹ̀ díẹ̀, torí bàbá yìí ni mi ò ṣe lè kọ ọ̀rọ̀ akàn kí n má dárúkọ rẹ̀. Ọmọ Broomes Island létí Patuxent ni, níbi tó ti ń yá àwọn èèyàn lọ́kọ̀ ojú omi. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, omi á dé àyà rẹ̀, á sì máa wo bàtà rẹ̀ kedere nísàlẹ̀, á máa wo akàn tó ń sá láàárín koríko odò. Nígbà tó yá, omi dúdú. Àwọn ìlú tó wà lókè odò ń pọ̀ sí i, omi ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ń ṣàn wá sí ìsàlẹ̀. Náítrójìn àti fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ń bọ́ àwọn ewéko tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé, oòrùn kò dé ìsàlẹ̀ mọ́, koríko odò kú. Koríko yẹn sì ni akàn ń sá sí tó bá bọ́ igbá. Nígbà tí àwọn ewéko náà bá tún kú tí wọ́n ń jẹrà, wọ́n á gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi.

Fowler di kọmíṣọ́nà ní Calvert láwọn ọdún 1970. Káúńtì mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ odò, Calvert, Charles àti St. Mary's, gbé ìjọba ìpínlẹ̀ tiwọn àti àjọ tó ń rí sí àyíká fún ìjọba àpapọ̀ lọ sí kóòtù. Ọmọ pe bàbá lẹ́jọ́! Wọ́n sì jàre. Lọ́dún 1981, ará òkè odò àti ará ìsàlẹ̀ jókòó pọ̀, wọ́n fẹnu kò pé ẹ̀gbin náà gbọ́dọ̀ dín kù. Fowler wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Annapolis, olú ìlú Maryland, lọ́dún 1983, ó wà níbẹ̀ títí di 1994. Àsìkò yẹn náà ni Maryland fòfin de ọṣẹ ìfọṣọ tó ní fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n bàtà ló sọ ọ́ di olókìkí. Láti ọdún 1988, ní Sunday kejì oṣù kẹfà, á wọ bàtà kánfáàsì funfun, á wọ odò lọ títí kò fi ní rí bàtà náà mọ́. Á jáde, wọ́n á fi téèpù wọn ibi tí omi dé lára ṣòkòtò rẹ̀. Ọdún 1997 ló dára jù, ìnṣì 44 àbọ̀. Kò tún dé àyà rẹ̀ mọ́ láéláé. Ó kúrò nílé ìgbìmọ̀, kò kúrò nínú omi. Ẹ bá mi ka àwọn sẹ́nétọ̀ tí ẹ mọ̀ nílé tí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n wọn iṣẹ́ wọn lára ṣòkòtò lójú gbogbo èèyàn. Mò ń dúró. Ó kú ní oṣù Kejìlá 2021, ẹni ọdún 97.

Ẹ̀yin ará Prince George's, káúńtì tèmi, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará oko ni. Omi tí mo fi ń fọ ìkòkò nílé mi ń lọ sí Western Branch, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un ṣe kó tó bọ́ sínú Patuxent. Ẹ wo bíìlì omi yín, ẹ ó rí Bay Restoration Fund, owó tí wọ́n fi ń tún omi Chesapeake ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004 pẹ̀lú dọ́là 2.50 lóṣù, ó di ìlọ́po méjì lọ́dún 2012. Owó ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo máa ń pè é, mo sì máa ń ṣépè lé e. Mo ti dẹ́kun èpè.

Nígbà tí mo padà lọ lóṣù kẹsàn-án, mo ra kánfáàsì funfun 12 dọ́là. Màmá jẹ́ kí n wọ omi lẹ́yìn ìsọ̀, Táíwò mú mi lọ́tùn-ún, Kẹ́hìndé lósì. Omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá orúnkún mi ni bàtà pòórá. Táíwò wọ̀n ọ́n: ìnṣì 23.

Ẹ lọ lóṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, akàn ti sanra nígbà yẹn. Ẹ pè kí ẹ tó lọ, ẹ gbé kúlà dání, owó lọ́wọ́, torí wọn kì í gba káàdì. Ẹ má lọ lọ́jọ́ 4 oṣù keje bí ẹ kò bá fẹ́ kí oòrùn sè yín pọ̀ mọ́ akàn. Àwọn tí wọ́n ti sè sílẹ̀ kò wù mí, iyọ̀ àti ata gbígbẹ ti bo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láàyè ni kí ẹ rà á. Mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọ̀kan tó kù wà lọ́wọ́ mi, títí wọn yóò fi tún pátákó yẹn kọ.