Fóòmù ìdí etí: oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lò ó rèé

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un o, kí n ti tètè sọ ọ́ kí ẹni tí kò ráyè ka nǹkan gígùn lè máa bá tiẹ̀ lọ. Àwọn fóòmù kékeré aláwọ̀ ọsàn yẹn tí wọ́n ń fi dí etí ni mò ń sọ, earplug ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀, igba ẹyọ ló wà nínú páálí kan, páálí kejì sì ni mo wà báyìí. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é torí mo ti tọ́ ti ilé iṣẹ́ mẹ́ta wò, ìwà kan náà ni wọ́n ń hù, àfi ọ̀kan tó le bí ìdérí ìgò tí kì í wú padà, ìyẹn ni mo dà nù lódidi.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀. Bọ̀dá jórinjórin kan wà lẹ́yìn ògiri yàrá mi, èèyàn dáadáa ni, ó máa ń kí mi kí n tó kí i, àmọ́ ẹ̀rọ ẹ̀ ò mọ ọ̀sán ò mọ òru. Tó bá ti tan jẹ́n náà, fèrèsé mi á máa gbọ̀n, omi inú kọ́ọ̀bù á máa mì, tó bá wá gbé ẹ̀rọ tó fi ń lọ irin, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n ń fi ayùn rẹ́ eyín mi. Orí á máa fọ́ mi láàárọ̀, inú á máa bí mi sí àwọn tí kò ṣẹ̀ mí. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ etí nìkan ni o, ara ò mọ̀ pé jẹ́n ni, ó rò pé ewu ń bọ̀ ni, ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, kódà téèyàn bá sùn tí kò jí. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gan-an kọ ọ́ sínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2018 pé ariwo ọkọ̀ ojú títì àti àìsàn ọkàn jọ ń rìn ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í lò. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo kàn ń ti fóòmù náà bọ etí bí ẹni ń dé ìgò ni, ilẹ̀ á mọ́, màá bá a lórí ìrọ̀rí, mo wá ń pe ọjà ọlọ́jà ní ayédèrú. Àṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò. Ṣe lèèyàn máa fọ ọwọ́, á wá fi ìka yí fóòmù náà títí táá fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, kó má hunjọ o, lẹ́yìn náà kó gbé ọwọ́ òdìkejì gba ẹ̀yìn orí, kó fi fa etí sókè sẹ́yìn díẹ̀, torí ihò etí ò tọ́, ó ní kọ́nà nínú, fífà yẹn ló ń tọ́ ọ. Kó wá tì í wọlé kíá kó tó wú, kó fi ìka dì í mú, kó ka ení títí dé ọgbọ̀n. Ariwo á máa lọ díẹ̀díẹ̀ bíi rédíò tí wọ́n ń yí sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wọlé dáadáa, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo etí, tí ariwo bá tún dín gan-an, kò tíì wọlé nìyẹn, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ohùn ẹ̀yin fúnra yín náà á yí padà, á dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú àmù.

Wàyí o, wọ́n kọ NRR 33 sára páálí, ìyẹn ni pé ó lè yọ dẹ́síbẹ̀lì 33 kúrò nínú ariwo, dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Àṣé inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí 33 yẹn, lára àwọn tí wọ́n fara balẹ̀ kì í sétí. OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kéèyàn yọ 7 kúrò níbẹ̀ kó wá pín ìyókù sí méjì, ẹ ṣe é wò, 33 á di 26, 26 á di 13. Dẹ́síbẹ̀lì 13 yẹn lèèyàn lè gbára lé. Kò kéré náà o, torí dẹ́síbẹ̀lì kì í ṣe bíi kílò, tó bá fi 10 lọ sókè, agbára ariwo yẹn ti di ìlọ́po mẹ́wàá, etí á sì gbọ́ ọ bíi pé ó di ìlọ́po méjì.

Mo wá ń wá ohun tí màá fi wọn ariwo tèmi. Áàpù ọ̀fẹ́ kan wà tí NIOSH ṣe, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́ ni, Sound Level Meter ni wọ́n ń pè é, iPhone nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́, èmi sì rèé, Android ni mò ń lò. Mo kọ́kọ́ lọ wa áàpù mìíràn sórí fóònù tèmi àti fóònù mi àtijọ́, mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ní 66, èkejì ní 75, ariwo kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, mi ò mọ adájọ́ táá gba irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ gbọ́. Máìkì inú Android yàtọ̀ síra wọn jù, ìdí nìyẹn. Mo bá lọ yá iPhone àbúrò mi. Lójú fèrèsé mi, 71. WHO sì ní ariwo inú yàrá téèyàn ń sùn kò yẹ kó kọjá 30. Ẹ yọ 13 kúrò nínú 71, ó ku 58, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni méjì tó jókòó sórí ìrọ̀rí èèyàn tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ.

Mo sùn ṣá, mi ò ní purọ́. Ẹ̀rọ tó ń lọ irin yẹn pòórá pátápátá, torí ìró tín-ín-rín ló ń dí jù. Gbùùgbùù jẹ́n ni kò rí mú, ìyẹn ń gba ilẹ̀, ó ń gba ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń gba egungun orí wọlé, fóòmù ò lè dí ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mi ò gbọ́ álààmù. Wọ́n kan ilẹ̀kùn mi lóru ọjọ́ kan títí wọ́n fi lọ, ẹni tó bá ní ọmọ kékeré nílé kó yáa fi etí kan sílẹ̀. Lóṣù kejì ni etí bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, torí mò ń fi ẹyọ kan lo ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, ó ti dọ̀tí, mo ń tì í padà. Dókítà bínú sí mi. Láti ìgbà yẹn, méjì tuntun lálẹ́, ọgọ́ta lóṣù.

Ọgọ́ta yẹn ló gba ìràwọ̀ kan lọ́wọ́ ẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo ń fi ọkọ́ ro ibì kan lẹ́yìn fèrèsé, mo fẹ́ gbin òdòdó, ọkọ́ gbé aláwọ̀ ọsàn kan jáde, ó tún gbé òmíràn, ó tún gbé òmíràn. Ajá ló ti máa ń da garawa ìdọ̀tí mi nù tí mi ò mọ̀. Mọ́kànlélógún ni mo kà. Òjò ti pa wọ́n, oòrùn ti pa wọ́n, yẹ̀pẹ̀ ti bò wọ́n mọ́lẹ̀, mo fi ìka fún ọ̀kan pọ̀, mo tú u sílẹ̀, ó wú padà bíi tuntun. Ẹ̀bi wọn kọ́, irú nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe fóòmù bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi ṣe é, kì í jẹrà bí ewé, tó bá pẹ́ títí á kàn máa rún sí wẹ́wẹ́ ni, wẹ́wẹ́ náà á wá dà pọ̀ mọ́ ilẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣà á mọ́. Ará Jámánì kan, Max Negwer, ló ṣe Ohropax ní 1907, òwú àti ìda ni tiẹ̀, ó ṣì wà lórí àtẹ títí dòní, mo ń rò ó bóyá kí n padà síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìda máa ń lẹ̀ mọ́ irun etí.

Àmọ́ fóòmù tèmi ṣì kéré. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an, lábẹ́ ògiri bọ̀dá, ilẹ̀ dúdú, ó ń dán, koríko kan ò hù. Mo da omi sí i, omi dúró lórí ẹ̀ róbótó róbótó bí ìgbà tó kán sórí ewé kókò. Ọ́ìlì jẹ́n ni. Ibẹ̀ ló ń dà á sí ní gbogbo ìgbà tó bá pààrọ̀ ẹ̀. Kó yé yín, ẹ̀rọ tó ń pariwo sí mi létí lókè náà ló ń da májèlé sílẹ̀ nísàlẹ̀, mo sì ti ń dí etí láti ọjọ́ yìí, mi ò wolẹ̀. Ọ́ìlì á bo hóró yẹ̀pẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ní wọlé, omi ò ní wọlé, ekòló á kú, òjé àti síńkì tó ti ara ẹ́ńjìnnì yọ á sì dúró síbẹ̀. EPA, àjọ tó ń rí sí ààbò àyíká ní Amẹ́ríkà, máa ń sọ pé ọ́ìlì téèyàn yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lára ọkọ̀ lè ba gálọ́ọ̀nù omi mílíọ̀nù kan jẹ́. Bátìrì méjì tó ti kú náà wà níbẹ̀, ọ̀kan ti sán. Òjé inú ẹ̀ ò ní jẹrà títí láé, ọmọdé tó bá fọwọ́ pa yẹ̀pẹ̀ yẹn tó tún fi sẹ́nu, ó lè ba ọpọlọ ẹ̀ jẹ́.

Mi ò bá a jà. Mo mú iPhone yẹn dání, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan."

Ó ní, "Hẹ̀n? Kí lo wí?"

Mo tún un sọ.

Ó ní, "Sọ̀rọ̀ sókè jàre, àbúrò."

Jẹ́n ò tàn nígbà yẹn o. Ẹ̀rọ kankan ò dún. Ojú tì mí, torí látọjọ́ tí mo ti ń ráhùn nípa etí tèmi, mi ò ronú kan etí tiẹ̀ rí. Mo ní kó tan ẹ̀rọ tó fi ń lọ irin, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀, 100. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo mú ọgọ́rùn-ún!" Mo ní bọ̀dá, irú ọgọ́rùn-ún yìí kọ́ ni wọ́n ń yọ̀ sí. NIOSH ní tó bá jẹ́ 85, èèyàn lè lo wákàtí mẹ́jọ nídìí ẹ̀ lóòjọ́, tó bá fi 3 lọ sókè, kí wákàtí náà dín sí ìdajì, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 100, ẹ ó rí i pé ìṣẹ́jú 15 ló kù. Odindi ọ̀sán ni bọ̀dá ń lò nídìí ẹ̀. Ohun kan wà nínú etí tó dà bí irun kéékèèké, òun ló ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ, tó bá ti kú kì í hù mọ́.

Ìyẹn ló wọ̀ ọ́ lára, kì í ṣe oorun tèmi. A jọ gbé jẹ́n náà kúrò lẹ́yìn ògiri, ó jìnnà tó mítà 12 sí fèrèsé mi báyìí, mítà 3 péré ni tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ téèyàn bá sún ariwo jìnnà ní ìlọ́po méjì níta gbangba, dẹ́síbẹ̀lì 6 ló máa ń lọ. Sàlẹ́ńsà ẹ̀ ti jẹ, ó lu, ó pààrọ̀ ẹ̀. A gé táyà àlòkù sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kó má fi ilẹ̀ gbọ̀n mọ́. 71 di 54, tí mo bá pa fèrèsé dé ó tún lọlẹ̀ sí i, mo ti ń sùn láìki nǹkan kan sétí. Ọ́ìlì ń lọ sínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn tó ń gba àlòkù ló ń kó o. Ilẹ̀ dúdú yẹn ṣì wà bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ò tíì yanjú.

Torí náà, tó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ẹlẹ́rọ lẹ ti máa lò ó, ìràwọ̀ márùn-ún ni, ẹ rà á kíá, ẹ má wo iye ẹ̀. Tó bá jẹ́ ariwo aládùúgbò, ẹ lè fi ti oṣù kan nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń ronú ohun tẹ́ ẹ máa bá a sọ, kẹ́ ẹ sì di ìdérí garawa yín dáadáa. Ó ku bí ogójì nínú páálí kejì, gbogbo ẹ̀ ni mo kó fún bọ̀dá, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí i. Láàárọ̀ yìí mo kí i títí, kò dáhùn, àfìgbà tí mo lọ fọwọ́ tọ́ ọ léjìká, ló bá yọ ọ̀kan, ó ní, "Hẹ̀n? Kí lo wí?"