Oṣù márùn-ún pẹ̀lú ṣájà bátìrì mi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mo máa ń gbé Corolla mi jáde. Ibi iṣẹ́ mi kò jìnnà sí Under G tí mò ń gbé, ọ̀kadà ti tó mi. Lọ́jọ́ kan, mo ti múra ṣọ́ọ̀ṣì tán, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dún tá-tá-tá, ó dákẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn láàárín oṣù méjì. Riwáyà tó wá wò ó ní, "Mọ́mì, bátìrì yìí ti kú, ẹ lọ ra tuntun." Mo ní kó fi mítà wọ̀n ọ́n ná. Fólítì 11.9 ló gbé jáde. Bátìrì tí kò tíì pé ọdún kan! Ebi ló ń pa á, kò kú.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń tan ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀, mo rò pé mò ń bọ́ ọ. Epo ni mò ń sun dànù. Iná tí ọkọ̀ fi ń ta kì í ṣe kékeré, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú kan kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a padà, àláàmù sì ń mu díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán tòru.

Ni mo bá ra ṣájà kékeré oní-ampere 4 (ampere ni ìwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn tó) ní Takie. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti bátìrì tuntun. Ojú tí nọ́ńbà ti ń hàn lára rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Bí ọkọ̀ bá ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, fólítì 12.6 sókè, bátìrì kún; 12.4, ó ku bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin; 12.2, ìdajì; 12.0, ẹ tètè wá nǹkan ṣe. Ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọkọ̀ o, irọ́ ni yóò pa fún yín. Bó bá wà nísàlẹ̀ 12.4 fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nǹkan funfun máa ń dì mọ́ òjé inú rẹ̀, agbára tó bá sì bá ìyẹn lọ kì í sábà padà. Ooru ìlú wa tún ń mú kó tètè rẹ̀.

Ẹjọ́ mi rèé. Bátìrì 60Ah ni tèmi (ìyẹn ampere 4 fún wákàtí 15), ó yẹ kó kún láàárín wákàtí 12 sí 15. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà. NEPA ń mú iná lọ, bí iná bá sì dé, ṣájà yìí kì í bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, àfi kí èèyàn tún lọ tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi tọ́ọ̀ṣì jáde lóru nítorí bọ́tìnì! Ẹni tó ṣe é kò gbé ìlú tí iná ti ń lọ rí.

Okùn rẹ̀ náà kúrú. Bátìrì aládùúgbò mi tó ti lọ sílẹ̀ sí fólítì 4, ṣájà yìí kò tiẹ̀ dá a mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ́kọ́ so pupa mọ́ orí bátìrì tó ní àmì àfikún (+), dúdú mọ́ irin ọkọ̀, kí ẹ tó ki í bọ iná. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, gáàsì tó ń jáde lè gbiná.

Ṣùgbọ́n bó bá kún, kì í sè é bíi ṣájà ńlá tó ba bátìrì àkọ́kọ́ mi jẹ́. Á rọra sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 13.5, á dì í mú síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ ni mo ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì láìtaari ọkọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Bọ́tìnì yẹn ló jẹ ọ̀kan.