Ìkòkò asẹ́ alámọ̀ àbí asẹ́ kándù: èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mumi kànga tàbí omi odò, tí owó píọ̀ wọ́tà sì ti sú yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó náwó ra asẹ́ omi. Àmù táwọn màmá wa àgbà ń lò, omi tútù ló ń fúnni, kì í sẹ́ kòkòrò àìsàn o, torí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta ìkòkò amọ̀ lásán fún yín pé asẹ́ ni.

Ìkòkò asẹ́ gan-an, amọ̀ ni wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun pákó tó ń jáde nídìí ẹ̀rọ ìlagi, tàbí èèpo ìrẹsì tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n bá wá sun ún nínú iná tó gbóná tó nǹkan bíi 900 dígírì, ìyẹ̀fun yẹn á jóná tán, ibi tó wà á di ihò tíntín tójú ò lè rí, omi á gbabẹ̀ kọjá, kòkòrò á há síbẹ̀. Wọ́n á tún fi omi fàdákà kùn ún kí kòkòrò má ráyè bí sí i. Guatemala ni Fernando Mazariegos ti ṣe é jáde lọ́dún 1981, káwọn amọ̀kòkò àdúgbò lè máa mọ ọ́n fáwọn tí ò lówó.

Kándù ní tiẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló gorí ara wọn, ohun funfun tó rí bí àbẹ́là sanra wà láàárín, òun ló ń sẹ́ omi tòkè sínú tìsàlẹ̀. Ó dáa fẹ́ni tó ń kó kiri, ṣùgbọ́n rọ́bà ìdí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́, tó bá ti dẹ̀, omi ìdọ̀tí á gbẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀ tẹ́ ẹ ò ní mọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ rèé: gbogbo wa la fẹ́ràn èyí tó ń yára. Ìkòkò tó dáa, bíi lítà kan sí mẹ́ta ló ń sẹ́ ní wákàtí kan, èyí tó bá ń ṣàn bí ẹ̀rọ, ó ti sán ni. Èmi náà ra ọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí, inú mi dùn pé ó yá, ìgbà tínú ń run ọmọ mi ni mo tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ti là nísàlẹ̀. Ẹ rẹ ìkòkò sómi mọ́jú, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sínú basíà omi kí ẹnu ẹ̀ wà lókè, ẹ wo inú: tómi bá ti ń yọ lójú kan lójú ẹsẹ̀, ẹ dá a padà.

Fún ilé elérò púpọ̀ tó ń mumi kànga, ìkòkò ni màá rà, búrọ́ọ̀ṣì lásán lẹ ó fi máa fọ inú ẹ̀ tó bá ti ń lọ́ra, ẹ má fi ọṣẹ kàn án. Tómi bá ti dà bí ẹrẹ̀, ẹ fi álọ́ọ̀mù sí i, kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ kó tòrò kẹ́ ẹ tó dà á sínú ìkòkò.

Ẹni tí kànga ẹ̀ níyọ̀ tàbí tó sún mọ́ ilé epo, kó má ra èyíkéyìí nínú méjèèjì, wọn ò lè yọ ìyẹn. Tí onígbáméjì bá sì wà ládùúgbò, ẹ ṣì máa se omi yẹn tàbí kẹ́ ẹ fi kilorínì sí i. Ẹ bi oníṣòwò pé ṣé ẹ lè dán an wò níṣojú ẹ̀, tó bá kọ̀, ẹ mówó yín lọ síbòmíì.